Ojú Táyé Lórí Íńtánẹ́ẹ̀tì

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń da iṣẹ́ rò lọ́kàn, tí ẹ kò tíì mọ èyí tí ẹ máa dì mú, ẹ súnmọ́ mi. Mo ti fẹ̀yìn tì. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá sì ń gbọ̀n kò gbọ́dọ̀ di kámẹ́rà mú. Ṣùgbọ́n ẹnu mi kò gbọ̀n o! Ẹ fi tẹlifóònù yẹn sílẹ̀ ná, a máa dé orí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó bá yá.

Fótò ni mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi yà, ní Tampouy, nílùú Ouagadougou. Làmídì ni orúkọ mi, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bèèrè Làmídì ní Tampouy, wọ́n á ní àwọn ò mọ̀ ọ́n. Ẹ bèèrè Tonton Fótò, bí ẹni ní Bọ̀dá Fótò lédè Faransé. Ọmọ Sakété ni mí, ní Benin, Nàgó pọ́ńbélé. Ọdún tí ọ̀gágun tuntun gun orí àlééfà ní Burkina ni mo dé ibẹ̀, irùngbọ̀n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ nígbà náà. Ọ̀gágun yẹn pẹ́ lórí oyè ju bí ẹnikẹ́ni ṣe rò lọ. Gbogbo ọ́fíìsì tí mo bá wọ̀, fótò rẹ̀ ni mo ń bá lára ògiri. Ọdún ń gorí ọdún, irun mi ń funfun, ti inú fótò yẹn dúdú bí kóró iṣin. Èmi tí mo mọ iṣẹ́ fótò, ẹ̀rín ló ń pa mí, ṣùgbọ́n mo ń rín in sínú ni o, torí kì í ṣe ìjọba tí ènìyàn ń fi fótò rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́.

Bí mo ṣe rí iṣẹ́ kò gùn: ẹ̀gbọ́n bàbá mi mọ ọ̀gá kan, ó mú mi lọ bá a. Owó tí mo rí nínú rẹ̀ bọ́ mi, ó bọ́ àwọn ọmọ, ó sì kọ́ ilé kékeré kan sí Sakété. Ó tán. Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ tó nítumọ̀.

Ọ̀gá Rájí ni ọ̀gá náà ń jẹ́, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ọkùnrin gíga tín-ín-rín tí kì í rẹ́rìn-ín lẹ́nu iṣẹ́. Fún ọdún àkọ́kọ́, n kò fọwọ́ kan kámẹ́rà. Ìgbálẹ̀ ni mo fọwọ́ kàn. Eruku Tampouy pupa, ó sì lórí kunkun. Bí mo bá gbá a jáde lẹ́nu ọ̀nà, á gba ojú fèrèsé padà wọlé. Ọ̀gá á fi ìka kan nu orí tábìlì, á gbé ìka náà wá síwájú imú mi. Mo ti mọ ohun tó kàn. Màá tún ìgbálẹ̀ gbé.

Nígbà tó yá ló mú mi wọ yàrá òkùnkùn, níbi tí a ti ń fọ fíìmù nínú omi oògùn. Omi oògùn yẹn kò gbọ́dọ̀ gbóná, bẹ́ẹ̀ gbogbo Ouaga ló ń jó bí ààrò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Yìnyín ni a máa ń rà lọ́wọ́ àwọn obìnrin tó ń ta omi tútù lójú títì, a ó tò ó yí abọ́ oògùn ká. Lọ́jọ́ kan òùngbẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí, mo ju ẹyọ kan sẹ́nu. Ọ̀gá gbọ́ bó ṣe ń dún nínú òkùnkùn. Ó ní, "Làmídì, ojú ènìyàn lo ń jẹ lẹ́nu yẹn o."

Ohun tí ọ̀gá mi kì í fi ṣeré nìyẹn, ojú ènìyàn. A ní pẹ́ńsù ẹlẹ́nu ṣóńṣó kan tí a fi ń tún fíìmù ṣe. Ọ̀gá gbà kí a fi pa rorẹ́ rẹ́, torí rorẹ́ máa lọ tó bá yá. Àpá ńkọ́? Ilà ńkọ́? Eyín tó yọ síta ńkọ́? Láéláé! Ọ̀dọ́kùnrin aránṣọ kan wá bá wa, ó fẹ́ fi fótò ránṣẹ́ sí àwọn àna rẹ̀ ní Porto-Novo. Wọn kò tíì fojú kàn án rí. Àpá iná ńlá kan wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pa á rẹ́."

Ọ̀gá bi í pé, "Ta ló fẹ́ gbé ìyàwó, ìwọ ni tàbí fótò?"

"Èmi ni, sà."

"Lọ́jọ́ tí o bá dé Porto-Novo, tí wọ́n wá pàdé rẹ ní gáréèjì pẹ̀lú fótò lọ́wọ́, ta ni kí wọ́n wá?"

Aránṣọ wo ilẹ̀. Ó gba fótò náà bó ṣe rí, tàpátàpá. Ìyàwó náà dé, a sì mọ̀ ọ́n dáadáa, torí kò sí ọjọ́ tí kì í fi àpá yẹn da ọkọ rẹ̀ láàmú tàwàdà-tàwàdà. Ọ̀gá mi máa ń sọ pé ojú lọ̀rọ̀ wà, àti pé bí ojú inú fótò bá yàtọ̀ sí ojú orí ọrùn, àwa ayàwòrán la purọ́, kì í ṣe oníbàárà.

Ìdí nìyí tí ẹnu fi yà mí lọ́jọ́ tí obìnrin kan tó ń ta aṣọ ní Rood Woko, ọjà ńlá Ouaga, mú ọmọdébìnrin kan wá bá wa. Ìyá Ìbejì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ó bí Táyé, ó bí Kẹ́hìndé. Lásìkò òjò, ibà kọ lu àwọn ọmọ náà, ọ̀kan ló kù. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í fi ẹnu sọ pé ìbejì kú. A kì í sì í lọ bá ìyá rẹ̀ dárò. Ẹni tó kù ni a máa ń ṣìkẹ́, kí inú rẹ̀ má baà bàjẹ́, kí ìkejì rẹ̀ má baà pè é. Ìyá náà kò ya fótò àwọn méjèèjì rí. Ó jókòó níwájú ọ̀gá mi, ojú rẹ̀ gbẹ, ó ní, "Bàbá, ẹ bá mi ya àwọn ọmọ mi."

Ọ̀gá Rájí kò bèèrè nǹkan kan. Ó gbé Táyé sí ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì lápá òsì, ó fi gbogbo apá ọ̀tún sílẹ̀ lófìfo, ó sì ní kí ọmọ náà yíjú díẹ̀ bí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnìkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí a dé yàrá òkùnkùn, ó kọ́ mi. A fi páálí dúdú bo ìdajì ìwé fótò, a tan ìmọ́lẹ̀ sí ìdajì kejì. A wá gbé páálí náà sórí ibi tí a ti tẹ̀, a yí fíìmù kan náà padà, a tún tan ìmọ́lẹ̀ gbà á sí ibi tó ṣófo. Bí a ti rì í sínú oògùn, ọmọ méjì yọ, wọ́n jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan, Táyé àti Kẹ́hìndé.

N kò lè pa á mọ́ra. Mo ní, "Ọ̀gá, ṣé ẹ̀yin náà kọ́ lẹ ní kí a má purọ́ ojú?"

Inú òkùnkùn la wà, n kò rí ojú rẹ̀. Ó ní, "Ta ló máa wo fótò yìí?"

"Ìyá wọn ni."

"Ṣé ìyá wọn kò mọ̀ ni? Àwọn ará ilé rẹ̀ ńkọ́, àwọn ará ọjà rẹ̀ ńkọ́? Gbogbo ẹni tó máa wò ó ló ti mọ̀. A kò tan ẹnikẹ́ni jẹ, Làmídì. A bá a fi àyè ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ ni."

Mo gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́ nígbà náà. Mo ṣì gbà á gbọ́ títí di òní, ẹ má ṣì mí gbọ́.

Láti ọjọ́ náà, bí Iléyá bá ti dé, Ìyá Ìbejì á mú Táyé wá. Ọ̀gá mi padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, ó fi ilé iṣẹ́ sílẹ̀ fún mi, wọ́n ṣì ń wá. Wọ́n kó kúrò ní Tampouy lọ sí Cissin, ìhà kejì ìlú pátápátá, wọ́n ṣì ń gun alùpùpù, tí a ń pè ní móto, wá. Táyé dé ìbàdí mi, ó dé èjìká mi, ó ga jù mí. Kò sí fótò kan tí mo ya òun nìkan rí. Ó tilẹ̀ ti mọ̀ ọ́n lára débi pé bó bá ti wọlé, ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì lápá òsì ló ń lọ tààrà, á yíjú rẹ̀ díẹ̀, á dúró dè mí.

Irinṣẹ́ ń yí padà ní gbogbo àkókò yìí. Fíìmù dúdú-òun-funfun lọ, aláwọ̀ dé. A ti yàrá òkùnkùn pa, a ń gbé fíìmù lọ sí ilé ẹ̀rọ ńlá láàárín ìlú. Kí n tó san gbèsè tí mo jẹ lórí irinṣẹ́ aláwọ̀ tán, kámẹ́rà tí kì í gba fíìmù dé, kọ̀ǹpútà tẹ̀lé e. Mo bínú, ẹ gbà mí gbọ́! Mo ní n kò kọ́ ọ. Nígbà tí ebi fẹ́ wọlé, mo kọ́ ọ. Fótò ìbejì tó ń gba òógùn lójú mi nínú òkùnkùn, kọ̀ǹpútà ń ṣe é kí tíì mi tó tutù nínú ife. Àwọn ọmọ ìgbà náà á wá, wọ́n á ní, "Tonton, ẹ bá mi fọ àwọ̀ mi kó pupa," "Tonton, ẹ bá mi mú imú yìí kéré." Mo lé wọn. Wọ́n lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, wọ́n padà wá ya ti káàdì ìdánimọ̀ lọ́dọ̀ mi, torí ọlọ́pàá kì í gba imú kékeré lọ́wọ́ onímú ńlá.

Iná ti jó Rood Woko kọjá nígbà náà. Wọ́n tún un kọ́, àwọn ènìyàn ń sọ pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ẹni tí aṣọ rẹ̀ kò jóná ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ti Ìyá Ìbejì jóná. Ó rí ìsọ̀ padà lẹ́yìn tí wọ́n parí rẹ̀, ṣùgbọ́n kọ̀rọ̀ ni, ibi tí ẹsẹ̀ oníbàárà kì í sábà dé. Táyé ti dàgbà di obìnrin. Ó gbọ́n, ó yára, ẹnu rẹ̀ sì mú. Ó ní bí oníbàárà kò bá wá sí kọ̀rọ̀, òun á lọ bá wọn níbi tí wọ́n wà. Àwọn obìnrin ahunṣọ kan ń bẹ tí wọ́n ń hun aṣọ òwú ilẹ̀ Burkina fún un, ó ń fi aṣọ náà hàn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, lórí ojúlé tí àwọn ọmọ ìwòyí ń pè ní pájì.

Oṣù ń lọ, ẹnikẹ́ni kò dá a lóhùn. Ó wá bá mi.

"Tonton, wọ́n ń wo aṣọ mi, wọn kì í rà."

Mo ní kí ó fi pájì náà hàn mí. Òdòdó kan ló fi síbi tí ojú rẹ̀ yẹ kó wà.

"Ta nìyí?"

"Òdòdó ni, Tonton."

"Ṣé òdòdó ló ń ta aṣọ? Ìwọ fúnra rẹ, ṣé o lè ra nǹkan lọ́wọ́ òdòdó?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ayé ṣe rí nígbà yẹn. Àwọn gbájúẹ̀ ti gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì kan. Ọkùnrin onírùngbọ̀n á jókòó sínú yàrá, á fi fótò obìnrin arẹwà síta, á máa gba owó àwọn ẹni ẹlẹ́ni. Bí wọ́n bá sì ti gbọ́ pé Yorùbá ni ọ́, àti Nàgó, àti ará Nàìjíríà, ojú kan náà ni wọ́n fi ń wò wá. Orí yéye ní Mògún, tàìṣẹ̀ ló pọ̀. Mo sọ fún Táyé pé, "Ojú lọ̀rọ̀ wà. Fi ojú rẹ hàn wọ́n. Ẹni tó bá rí ojú ẹ á mọ̀ pé ènìyàn lòun ń bá ṣe."

Ó gbà, ó ní, "D'accord, Tonton." Ó lọ sọ fún ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní ó dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan. Ó ní bí ojú Táyé bá máa jáde sí gbogbo ayé, ojú Kẹ́hìndé gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Kò yà wá lẹ́nu, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo ya á bí a ti máa ń yà á, mo sọ ọ́ di méjì, Táyé gbé e síta. "Aṣọ Táyé àti Kẹ́hìndé," bẹ́ẹ̀ ló pe pájì náà.

Ó mà dára o! Àwọn ènìyàn fẹ́ràn ìbejì, kò síbi tí a kò ti fẹ́ràn wọn. "Bonjour les jumelles," ẹ káàárọ̀ ẹ̀yin ìbejì, ni wọ́n ń kí wọn láràárọ̀. Aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí Cotonou, ó ń lọ sí Bobo, ó dé Paris. Ìgbà náà ni obìnrin Abidjan kan, Tantie Adjoua, béèrè aṣọ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, fún ìyàwó àti gbogbo ẹbí. Iṣẹ́ ńlá ni. Àwọn ahunṣọ bọ́ sí i lọ́sàn-án àti lóru. Inú Ìyá Ìbejì dùn, ó ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá kọjá ní kọ̀rọ̀ rẹ̀.

Tantie Adjoua fẹ́ràn ọ̀rọ̀ sísọ. Á pe Táyé lórí tẹlifóònù, wọ́n á sọ ti aṣọ tán, á ní, "Gbé fóònù fún ìkejì rẹ, kí n kí òun náà." Táyé á ní kò sí nílé. Bó bá tún pè, á tún bèèrè Kẹ́hìndé, Táyé á tún ní kò sí nílé. Kí ni kí ọmọ náà wí? Ẹnu tí a kò fi sọ ọ́ nínú ilé láti ìgbà tó ti wà lọ́mọdé, ṣé orí tẹlifóònù ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, fún àjèjì?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo gbọ́ tí móto dúró gìjà níwájú ilé iṣẹ́ mi. Táyé ló wọlé. Kò kí mi. Ọmọ tí kì í fojú di àgbà, kò kí mi! Ó na tẹlifóònù sí mi.

"Tonton, wọ́n ti pè mí ní olè."

Mo wọ awò ojú mi. Tantie Adjoua ti fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ fótò náà, níbi tí gbogbo ayé ti lè kà á. Ó ti fẹ fótò náà títí ó fi tóbi. Ó ní kí àwọn ènìyàn wo bí gèlè ṣe ká sórí ẹni àkọ́kọ́, kí wọ́n wo ti ẹnìkejì. Ó ní kí wọ́n wo yẹtí, kí wọ́n wo òjìji ọrùn. Ó ní, "Ènìyàn kan náà ni. Wọ́n kàn lẹ̀ ẹ́ pọ̀ di méjì. Mo bèèrè ẹnìkejì títí, kò sí nílé. Ẹ sá o, gbájúẹ̀ ni wọ́n." Òótọ́ ni gbogbo ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ojú obìnrin yẹn mú, ì bá ṣe ayàwòrán tó dára.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀ ni àwọn yòókù ń da tiwọn lé e. Ẹni tó ti gba aṣọ, tí aṣọ dára lára rẹ̀, òun náà ń bèèrè pé ta ni òun rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ aṣọ ìgbéyàwó Abidjan dúró. Àwọn ahunṣọ ti fi òwú sórí òfì.

Mo jókòó. Ọ̀rọ̀ ọ̀gá mi padà sí mi létí, pé gbogbo ẹni tó máa wo fótò náà ló ti mọ̀. Ó rí bẹ́ẹ̀ ní Tampouy, ó rí bẹ́ẹ̀ ní Rood Woko. Fótò yẹn, ilé ló wà fún. A ti gbé e jáde lọ sójú àwọn tí kò mọ̀ wá, tí kò mọ àṣà wa, kò sì sẹ́nìkan nínú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ronú kàn án. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé egungun.

Mo ní, "Táyé, jẹ́ kí n ya ọ́ ní ìwọ nìkan. Kọ òótọ́ sábẹ́ rẹ̀."

Ó mi orí. "Maman kò ní gbà. Ó sàn kí n ti pájì náà pa."

"Ìwọ ńkọ́? Kí ni o fẹ́?"

Ó ń wo ibi tí wọ́n ti kọ olè síwájú orúkọ rẹ̀.

Mo ti ilé iṣẹ́, mo gun móto mi, mo tẹ̀lé e lọ sí Cissin. Ìyá Ìbejì jókòó lábẹ́ igi mángòrò nínú ọgbà, ó ń ṣa ìrẹsì. Ó jù mí lọ díẹ̀ lọ́jọ́ orí. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, "ọmọ yìí" ló ń pè mí. Láti ìgbà tí mo ti di ọ̀gá, "Bàbá Fótò, ẹ" ló ń lò. Mo kí i tán, mo ro ọ̀rọ̀ náà fún un bó ṣe rí.

Ó gbé atẹ ìrẹsì sílẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ yà á ní méjì, Bàbá Fótò. Ẹ̀yin náà lẹ wá fẹ́ yọ ọ̀kan kúrò?"

"N kò yọ ẹnikẹ́ni. Fótò yín wà lára ògiri yín, ibẹ̀ ni yóò máa wà. Ti íńtánẹ́ẹ̀tì ni mo ń sọ."

"Ṣé Kẹ́hìndé kò ní rí ti íńtánẹ́ẹ̀tì ni? Ọmọ tí a bá ti lé síta, ṣé kò ní wá mú ìkejì rẹ̀ dání? Ẹ fi mí sílẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo ló kù sí mi lọ́wọ́. Kí aṣọ máa lọ, kí Abidjan máa lọ, mo fẹ́ ọmọ mi láàyè."

Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń bà á, kì í ṣe agídí. Táyé náà dúró, ó ń ka tẹlifóònù rẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ bi í pé kí ló tún kù tí wọ́n ń kọ. Ó ní kò sí nǹkan kan. Ìyá rẹ̀ jágbe mọ́ ọn pé kí ó kà á jáde.

Táyé kà á lédè Faransé, ó wá sọ ọ́ ní Yorùbá, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ẹnìkan ní àwọn méjèèjì kò sí. Ó ní kò sẹ́ni tó ń jẹ́ Táyé láyé yìí. Àwọn tó kù ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, Táyé kò sí."

Ìyá Ìbejì dìde. Ìrẹsì dà nù, kò wò ó.

"Ta ni kò sí?"

"Èmi, Maman."

"Táyé mi? Wọ́n ń wí bẹ́ẹ̀? Ènìyàn mélòó ló ń wí bẹ́ẹ̀?"

"Wọ́n pọ̀."

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹnu ayé lẹ́bọ. Obìnrin yẹn ti ń sá fún ohùn ọmọ kékeré kan tó lè pe ìkejì rẹ̀ lọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn ló gbọ́ pé ogunlọ́gọ̀ àgbàlagbà, láti ìlú dé ìlú, ló ń fi ẹnu ara wọn sọ pé ọmọ rẹ̀ tó wà láàyè kò sí. Ó na ọwọ́, ó di apá Táyé mú bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹran ara ni. Ó wá wọlé lọ wé gèlè. Nígbà tó jáde, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ. Kí wọ́n rí i. Kí gbogbo wọn rí i pé ó wà."

Bí a ti dé ilé iṣẹ́ mi, Táyé lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Mo gbé kámẹ́rà sójú. Mo ní, "Bọ́ sí àárín."

"Àárín ni mo wà, Tonton."

Ìpẹ̀kun ló wà, lápá òsì, ó yíjú díẹ̀. Mo tún sọ fún un. Ó sún díẹ̀, ó dúró. Bí mo bá ti tẹ̀ mọ́ kámẹ́rà, á ti rọra padà sí àyè rẹ̀. Kò mọ̀ pé òun ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ara rẹ̀ ló mọ̀ pé ẹnìkan ní àyè ibi tó kù. Mo sọ kámẹ́rà kalẹ̀.

Ìyá rẹ̀ ló dìde. Ó wá bá a, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í ní ìbàdí, ó fà á wá sí àárín bẹ́ǹṣì. Ó tún gèlè rẹ̀ ṣe. Ó di àgbọ̀n rẹ̀ mú, ó yí ojú rẹ̀ sí mi tààrà. Ó ní, "Jókòó síbí. Má kúrò." Mo ya á.

Táyé fúnra rẹ̀ ló kọ ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ fótò náà, ìyá rẹ̀ gbà á láyè. Ó kọ ọ́ pé òun ni Táyé, pé wọ́n bí òun àti Kẹ́hìndé pọ̀, pé Kẹ́hìndé ti fi ayé sílẹ̀ láti kékeré. Ó ní nínú ilé wọn, ojú òun ni wọ́n fi ń di àyè rẹ̀ nínú fótò, àṣà ni, kì í ṣe jìbìtì. Ó ní ojú òun nìyí, ilé òun wà ní Cissin, ìsọ̀ ìyá òun wà ní Rood Woko, kí ẹni tó bá fẹ́ wá wò ó.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló padà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé òótọ́ ń yára bí irọ́. Àwọn kan ní ìtàn lásán tún ni. Àwọn kan rà díẹ̀, wọ́n ń dán an wò. Tantie Adjoua dákẹ́ ní tirẹ̀, aṣọ ìgbéyàwó wà lórí òfì, Táyé kò lè sọ fún àwọn ahunṣọ pé kí wọ́n máa bá a lọ tàbí kí wọ́n dáwọ́ dúró.

Lẹ́yìn Jímọ̀ ni òun àti ìyá rẹ̀ wá gba fótò tí mo tẹ̀. Ìyá rẹ̀ ṣì ń wò ó nígbà tí tẹlifóònù dún. Nọ́ńbà Abidjan ni. Táyé wò mí. Mo ní kí ó gbé e.

Tantie Adjoua kò bèèrè aṣọ. Ó ní, "Ìyá yín ńkọ́? Ṣé ó wà nítòsí?" Táyé tẹ tẹlifóònù kí gbogbo wa lè gbọ́, ó gbé e súnmọ́ ìyá rẹ̀. Ohùn obìnrin náà jáde, ó ti rọ̀, kò dà bí ohùn ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ yẹn.

"Maman, yako. Yako, maman. Yako."

Ìyá Ìbejì kò gbọ́ ọ. Ó bi Táyé pé, "Kí ló ní?"

"Bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ nílùú wọn nìyẹn, Maman. Ó ń kí yín fún Kẹ́hìndé."

Ìyá Ìbejì wá ibi tó máa jókòó, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi. Ó gbé fótò náà lé itan. Ó ní, "Kò sẹ́ni tó kí mi rí." Ó tún un sọ, ó wo èmi àti ọmọ rẹ̀: "Gbogbo yín, kò sẹ́ni tó kí mi rí." Ìgbà náà ni ẹkún sọ lẹ́nu rẹ̀, ẹkún gidi, ẹkún abiyamọ, tí àwọn tó ń tún móto ṣe níta fi pa ẹ̀rọ wọn.

Obìnrin Abidjan náà kò pa tẹlifóònù rẹ̀. Ó dúró, ó ń gbọ́. Nígbà tí Ìyá Ìbejì lè sọ̀rọ̀, ó fi etí gèlè nu ojú, ó ní, "Táyé, sọ fún un pé mo gbọ́. Sọ fún un pé ó ṣeun." Táyé sì sọ ọ́ fún un ní Faransé, díẹ̀díẹ̀.